"Ìpinnu" tàbí "ìfẹnukò": kí la ó máa pe ohun tí ìgbìmọ̀ ìlú bá ṣe?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá dábàá pé kí á máa fi "ìfẹnukò" pe gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ ìlú bá fọwọ́ sí, kí á sì jáwọ́ nínú "ìpinnu". Wọ́n ní inú ẹnì kan ṣoṣo la ti ń pinnu, ṣùgbọ́n ẹnu púpọ̀ ló gbọ́dọ̀ kò kí ìgbìmọ̀ tó ṣe nǹkan. Àlàyé náà wọ̀ mí létí. Ẹni tó bá pe "pinnu" dáadáa á gbọ́ "inú" níbẹ̀. Síbẹ̀, mi ò lè bá wọn dé òpin ọ̀nà náà.

Ìbò ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Ẹnì kan á dá àbá, ẹlòmíì á kín in lẹ́yìn, wọ́n á jiyàn, wọ́n á wá dìbò. Bí ẹni méje bá ní kí wọ́n gé igi ẹ̀gbẹ́ títì, tí ẹni mẹ́fà sì kọ̀, igi á lulẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò kò. Bí a bá kọ "ìfẹnukò" sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, a ti purọ́ mọ́ àwọn mẹ́fà yẹn. Ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá á rò pé gbogbo wọn ló fẹ́ kí igi náà lọ. Ẹ jẹ́ ká fi "ìfẹnukò" pa mọ́ fún ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá tako àbá.

Ṣùgbọ́n "ìpinnu" náà ní àléébù kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà, òun gan-an ló mú mi kọ̀wé. Mo máa ń túmọ̀ ìkéde ìgbìmọ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Nígbà kan mo kọ ọ́ pé: "Ìgbìmọ̀ pinnu láti yí ọjọ́ kíkó ìdọ̀tí padà sí Ọjọ́bọ̀." Bàbá kan kà á níwájú mi, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ó dáa. Tí wọ́n bá wá yí i, kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́." Lójú tiwọn, ohun tí ìgbìmọ̀ ń rò lọ́kàn ni mo kọ. Wọn ò jẹ̀bi rárá. Ẹni tó ní òun pinnu láti kọ́lé kò tíì fi búlọ́ọ̀kù kan lélẹ̀. "Láti" yẹn ló bà á jẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń kọ ọ́ nìyí: "Ìgbìmọ̀ ti yí ọjọ́ kíkó ìdọ̀tí padà. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Ọjọ́bọ̀ ni." Kò sí "pinnu" níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣì í gbọ́.

Ohun mìíràn ni pé ẹ̀gbọ́n pa ìpinnu pọ̀ mọ́ òfin. Bí ìgbìmọ̀ bá ní kí wọ́n ra iná tuntun fún títì, ìgbìmọ̀ àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dè. Bó bá ní kí ẹnikẹ́ni má páàkì mọ́tò síwájú ilé ìwé, gbogbo ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló dè, ẹni tó bá rú u á sanwó ìtanràn, títí ìgbìmọ̀ á fi pa òfin náà rẹ́. Irú òfin yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "by-law", táwọn kan nínú wa ń túmọ̀ sí "òfin kékeré", bí ẹni pé "ẹ̀gbẹ́" ni "by" náà ń jẹ́, tí òfin náà kàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ òfin gidi. Èdè àwọn ará Scandinavia àtijọ́ ni wọ́n ti fa "by" yẹn wá, ìlú ló ń jẹ́. Títí dòní, "by" ni àwọn ará Denmark ń pe ìlú. "Òfin ìlú" ì bá bá a mu gẹ́lẹ́, àmọ́ lẹ́nu wa, òfin orílẹ̀-èdè nìyẹn. "Òfin ìgbìmọ̀ ìlú" ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ gùn.

Ẹ ṣọ́ra fún "table" pẹ̀lú, ìyẹn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún gbígbé àbá sórí tábìlì ìpàdé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àbá tí wọ́n bá gbé sórí tábìlì ti délẹ̀ fún ìjíròrò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìyẹn. Atúmọ̀ tó bá gbé tábìlì náà wọ Yorùbá ti gbé ìjà wọlé. "Gbé àbá kalẹ̀" àti "dá àbá dúró" ti wà lẹ́nu wa tipẹ́.

Ó ku iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ wà níjòókòó kí ìpàdé tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Níbi ìpàdé, ohun tí mò ń gbọ́ ni "a ò tíì pé" tàbí "a ti pé". Ǹjẹ́ "ìpé ìgbìmọ̀" kò tó? Ẹ dá mi lóhùn kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí ó wà nínú ìwé tó kàn tí mo fẹ́ túmọ̀.