Ìgalà wa nínú igi ìran: kí ló gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nyala?

Àkẹ́kọ̀ọ́Igbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Cyt b (jíìnì kan nínú máítókóńdríà, ilé agbára sẹ́ẹ̀lì) ìgalà tí a rí ní agbègbè Ọ̀yọ́ ti jáde, báàsì (lẹ́tà DNA) 1140 ló pé. BLAST, tó ń fi DNA wé èyí tó wà nínú àkójọ, pè é ní Tragelaphus scriptus, kò síjà níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a fa igi ìran (àwòrán tó ń fi ìbátan àwọn ẹranko hàn), ẹ̀gbẹ́ nyala, ìbátan ìgalà, ló lọ jókòó sí, tó fi ìgalà gúúsù Áfíríkà sílẹ̀ lọ́dọ̀ bongo àti sitatunga, àwọn ìbátan mìíràn. Nyala kẹ̀? Ìhà Mòsáḿbíìkì àti Màláwì lọ́hùn-ún ni tirẹ̀! Ẹran yíyan la lò. Ṣé DNA ẹran mìíràn ló kó wọ̀ ọ́ ni?

Ọ̀jọ̀gbọ́nDNA:
Ẹ kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ ara yín wò. Iná ti já DNA ẹran yíyan sí wẹ́wẹ́, nítorí náà ó dájú pé ẹ lẹ abala oníbáàsì bíi 300 tàbí 400 pọ̀ kó tó di 1140. Ẹ fa igi abala kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí abala kan bá lọ síbi tí àwọn yòókù ò lọ, ẹran tí wọ́n jọ yan lórí iná kan náà ló ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Inú lọ́hùn-ún, lẹ́bàá egungun, ló yẹ kí ẹ ti gé e, kì í ṣe èèpo. Ike òfìfo (tí kò ní DNA) tí ẹ bá a ṣe PCR, ìyẹn sísọ DNA di púpọ̀, ńkọ́? Kò gbọdọ̀ mú nǹkan kan jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú u sí púrótéènì pẹ̀lú tábìlì 2 (àtẹ ìtumọ̀ DNA máítókóńdríà). Tábìlì 1 ni ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà fi ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni lẹ́tà mẹ́ta TGA ti ń di àmì ìdúró. Ni ẹ̀rù á bá bà yín pé ẹ̀dà èké jíìnì yìí tó wà nínú núkílíọ́ọ̀sì (àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì) lẹ gbé. Nínú máítókóńdríà ẹran, tryptophan, ọ̀kan lára èròjà púrótéènì, ni TGA.

Ìlà_Funfun:
Bí gbogbo ìyẹn bá mọ́, a jẹ́ pé igi yín ò ṣìnà. Hassanin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú u wò ní 2018. Jíìnì inú núkílíọ́ọ̀sì 16 ni wọ́n lò, nínú ìyẹn, ìgalà ìwọ̀ oòrùn (irú tiyín) àti ti gúúsù ọmọ ìyá ni wọ́n. Máítókóńdríà nìkan ló ya ti ìwọ̀ oòrùn lọ sọ́dọ̀ nyala. Ohun tí wọ́n rí fà yọ ni pé ìgalà gùn mọ́ ẹranko kan tó súnmọ́ nyala, tó sì ti kú run báyìí.

Ìyá nìkan ló ń fún ọmọ ní máítókóńdríà. Bí abo àdàlù bá ń padà gùn pẹ̀lú akọ ìgalà, DNA núkílíọ́ọ̀sì àjèjì á máa dín ní ìlàjì ní ìran kọ̀ọ̀kan: ní ìran kẹfà, 1/64 ló kù. Máítókóńdríà ò dín rárá ní tirẹ̀. Ẹ̀rí ẹyọ kan ni cyt b, bó ti wù kó gùn tó.

KaríótáìpùNìkan:
Krómósómù (okùn tí DNA dì sí nínú sẹ́ẹ̀lì) ló tún dùn jù níbẹ̀ lójú tèmi. Ìgalà wa ní 58 fún abo, 57 fún akọ. Ti gúúsù 34 àti 33. Ìlàjì kọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o! Akọ ń dín ẹyọ kan nítorí pé krómósómù Y, ti akọ, ti lẹ̀ mọ́ krómósómù 13 nínú ìdílé yìí. Nyala jẹ́ 56 àti 55. Ẹ má wulẹ̀ wá èyí lára ẹran yíyan. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè tó sì ń pín ló ń fi krómósómù hàn, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tútù nínú heparin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) tàbí awọ tútù.

Àkẹ́kọ̀ọ́Igbó:
Ẹ ṣé gan-an ni. Orúkọ wo wá ni kí a kọ síbẹ̀?

Ìlà_Funfun:
T. scriptus ni tiyín. Àwọn tó ya wọ́n sọ́tọ̀ ń pe ti gúúsù ní T. sylvaticus, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ àtijọ́ inú GenBank, àkójọ DNA àgbáyé, ló pe méjèèjì ní scriptus. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti mú ẹran kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi ṣe àfiwé, kí ẹ sì kọ ibi tí tiyín ti wá síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbé e sókè.