CD géèmù tòkúnbọ̀ ni mo rà, wọ́n tún ní ká sanwó kí ọmọ tó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá a

Ìyá Dámọ́lá, Mushin: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Mo ra CD bọ́ọ̀lù fún Dámọ́lá ní Alábà. Inú òjò ni mo lọ, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 2 fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Tuntun wọ́n jù, ni mo bá mú tòkúnbọ̀, páálí rẹ̀ ti ya létí. Ó ń bá àbúrò rẹ̀ gbá a nílé, àmọ́ tó bá fẹ́ bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ni wọ́n ń bèèrè. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ti sanwó, èmi náà ti san. Ti kí ni wọ́n tún ń gbà?

Láńre: PlayStation 3 (PS3) ni àbí PS4, màmá?

Ìyá Ìbejì: Dátà ni tèmi o! Àwọn ìbejì fi dátà oṣù kan gba géèmù kan ṣoṣo. Mo ti gbé ẹ̀rọ náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú: Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní 2010, EA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, gbé Online Pass dé. Kóòdù kan á wà nínú páálí tuntun, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ra tòkúnbọ̀ á san dọ́là 10. Sony àti Ubisoft, àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù míì, gbé tiwọn jáde ní 2011.

Ìyá Dámọ́lá: Ẹ ṣeun sà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ!

Láńre: Ẹ̀gbọ́n, EA ti pa ìyẹn tì láti 2013. Tó bá jẹ́ PS4, PS Plus ni, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún Sony láti bá ẹlòmíì gbá géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ẹni tó ra tuntun náà ń san án. Àwọn géèmù ọ̀fẹ́ bí eFootball àti Fortnite kò bèèrè rẹ̀. Màmá, PS wo ni?

Alhaja: Ọmọ tó yẹ kó kàwé lẹ ń ra géèmù fún.

Ìyá Dámọ́lá: Ipò kejì ló gbà, Alhaja. PS4 ni. Ẹni tó ta CD náà ló ní torí pé tòkúnbọ̀ ni, kí n máa fowó ránṣẹ́ sí òun lóṣooṣù, òun á máa ṣí i. Ó fún Dámọ́lá ní orúkọ àti password. Mo sanwó oṣù yìí, kò sì ṣí.

Láńre: Háà! Àkáǹtì tirẹ̀ ló fi ń yá yín. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀ mọ́. Ẹ ṣí tiyín, kí ẹ so ti ọmọ mọ́ ọn, kí ẹ ra PS Plus síbẹ̀. Tí ẹ bá sọ PS4 yẹn di Primary (ẹ̀rọ àkọ́kọ́) fún àkáǹtì yín, àkáǹtì méjèèjì á lò ó.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú: Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba owó wọn! Ṣé rìsíìtì wà?

Ìyá Dámọ́lá: Kò fún mi. Alẹ́ẹ̀tì báǹkì wà lórí fóònù mi, Sátidé ni mò ń lọ bá a. Láńre, Dámọ́lá ń sunkún pé gbogbo ibi tó gbá a dé wà lórí àkáǹtì ọkùnrin yẹn. Ṣé a lè kó o sórí tuntun?

Láńre: Rárá, màmá. Ó máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni.