Bátànì àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀: ta ni ó ni ín?

Aláró Ìtòkú: Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ ya bátànì sára aṣọ kí á tó rẹ ẹ́ sínú aró, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi. Lọ́dún tó kọjá, mo ya bátànì tuntun kan, mo sì gbé àwòrán rẹ̀ sórí Instagram kí àwọn oníbàárà lè rí i. Kò pé oṣù mẹ́rin tí mo fi bá a lọ́jà lára aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n kó wá láti Ṣáínà. Àní ibi tí ẹ̀kọ ti ṣèèṣì kán sílẹ̀ lára tèmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Iye tí wọ́n ń ta yáàdì márùn-ún kò tó owó aṣọ funfun àti aró tí mo ń rà. Ǹjẹ́ òfin Nàìjíríà fún mi ní ẹ̀tọ́ kankan?

Amòfin Ìbàdàn: Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Òfin ọdún 1970 tí ó dá lórí bátànì gbà kí ènìyàn forúkọ irú iṣẹ́ báyìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba fún ọdún 5, kí ó sì sọ ọ́ di ọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì títí yóò fi pé ọdún 15. Ṣùgbọ́n bátànì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun lọ́jọ́ tí ẹ bá mú un lọ, èyí tí ẹ sì ti fi han gbogbo ayé kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń pàdánù. Èyí tí ó kù fún yín ni òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti ọdún 2022, tí kò ní kí ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ yà á sí, ẹ má sì pa àwòrán àkọ́kọ́ yẹn rẹ́, nítorí ẹ̀kọ tó kán sílẹ̀ yẹn ni ẹlẹ́rìí yín: kò sí ẹni tí ó lè ní orí òun ni òun ti rò ó.

Oníṣòwò Balógun: Ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo yín lẹ ń ya Ìbàdàndùn, bátànì àtijọ́ tí ó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó lára, ta ni ẹ sanwó fún? Mo ń ta aṣọ ẹ̀rọ, nítorí kì í ṣe gbogbo oníbàárà ni apá rẹ̀ ká ti ọwọ́. Ohun tí n kò jẹ́ ṣe ni kí n pè é ní àdìrẹ, torí òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò fàyè gba kí á fi orúkọ èké ta ọjà.

Aláró Ìtòkú: Ìbàdàndùn jẹ́ ti gbogbo wa, ẹ ò parọ́, tèmi kò tíì pé ọdún méjì. Ẹ sọ fún àwọn oníbàárà yín kí wọ́n máa yí aṣọ padà wò. Àwọ̀ ti ẹ̀rọ sábà máa ń ṣì lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ a máa dúdú, nítorí ojú kan ṣoṣo ni a ń fi ẹ̀kọ sí. Amòfin, mo ní bátànì mìíràn nílé tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Ọ́fíìsì wo ni kí n kọ́kọ́ gbé e lọ?