Ẹ̀yin tó ń lo gíríìlì oní-pẹ́lẹ́ẹ̀tì, kí lojú yín ti rí lórí sẹ́ńsọ̀ ooru rẹ̀?

Ìyá Alásè, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àbúrò mi tó wà ní Houston ló fi gíríìlì oní-pẹ́lẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń jó hóró kéékèèké tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀, ránṣẹ́ sí mi, òun ni mo fi ń sun adìẹ àti ẹja fún àwọn oníbàárà. Láìpẹ́ yìí, bí mo bá gbé e sí 225 Fahrenheit, ojú ẹ̀rọ á máa kọ 200 àti díẹ̀, síbẹ̀ awọ adìẹ á ti jó. Mo ṣí i wò lónìí. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú rẹ̀, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru, ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ọ̀rá sì ti gan mọ́ ọn lára. Ẹnì kan ní kí n fi fọ́ìlì wé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìrírí yín fún mi. Iléyá dé tán, ẹgbẹ́ régbérégbé kan sì ti gbé iṣẹ́ Ojúde Ọba fún mi.

Ẹlẹ́ja Odógbolú
Ẹ má fi nǹkan kan wé e, mà. Ọ̀rá tó bò ó yẹn ni kò jẹ́ kó gbọ́ ooru bó ṣe yẹ, ẹ tún fẹ́ da aṣọ mìíràn bò ó? Ohun tí ọ̀pá yẹn bá sọ ni bọ́ọ̀dù, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ń gbà gbọ́. Tó bá ní ooru kò tíì tó, bọ́ọ̀dù á ní kí pẹ́lẹ́ẹ̀tì máa wọlé, fáànù á máa fẹ́ iná. Kó tó gbọ́, ẹran ti jó. Tèmi, bí gíríìlì bá ti tutù tán, mo máa ń fi aṣọ rírọ̀ tí mo rẹ díẹ̀ sínú fínẹ́gà nù ún títí irin á fi dán. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kànrìnkàn onírin ha á.

Ọmọ Ṣàgámù
Fọ́ìlì ń ṣiṣẹ́ fún èmi o. Ìpele kan péré ni mo fi ń wé e, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rá ò kan irin mọ́.

Ẹlẹ́ja Odógbolú
Ṣé o ti gbé tẹmómítà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, kó o mọ̀ bóyá àwọn méjèèjì bára mu?

Ọmọ Ṣàgámù
Rárá.

Ẹlẹ́ja Odógbolú
Ẹ̀hẹ́n.

Aládìẹ Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Ìyá Alásè, ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń to ẹran. Níbi òkú àgbà kan tí a ti ṣiṣẹ́, ọmọ tuntun tí wọ́n mú wá to itan adìẹ kún inú gíríìlì fọ́fọ́, tútù ṣì wà lára wọn láti inú fíríìjì. Itan kan ti fara ti ọ̀pá yẹn. Ooru ara ẹran tútù ni sẹ́ńsọ̀ ń kà, iná sì ń gbéra nísàlẹ̀. Nígbà tá a ṣí i, ọ̀rá tó ń kán sórí páànù ti ń tú èéfín. Láti ìgbà yẹn, mo ń fi àyè tó fẹ̀ tó ọwọ́ kan sílẹ̀ yí i ká, ẹran ò gbọdọ̀ kàn án, àwo ò gbọdọ̀ kàn án.

Àdùkẹ́ Àgọ́-Ìwòyè
Èyí gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí wa! Ìkòkò omi tí wọ́n gbé síbẹ̀ ló fa tiwa.

Rewáyà Ìpẹru
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti wáyà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rántí rẹ̀. Wọ́n pè mí sí Ìlíṣàn, wọ́n ní gíríìlì ò gbóná mọ́. Ojú ẹ̀rọ ń kọ 350 Fahrenheit, ṣùgbọ́n mo gbé ọwọ́ lé ìdérí, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo tú abẹ́ rẹ̀. Èkúté ti jẹ wáyà sẹ́ńsọ̀, ẹnì kan sì ti yí i pọ̀ mọ́ wáyà gílóòbù, ó fi téèpù dì í. Ojú ibi tó yí pọ̀ ti hu ìpẹtà.

Irú sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀, platinum ló wà nínú rẹ̀. Bó bá ṣe ń gbóná ni ìdènà rẹ̀ sí iná mànàmáná, tí wọ́n ń fi óòmù wọ̀n, ń pọ̀ sí i. Èyí tí wọ́n ń pè ní PT1000 jẹ́ óòmù 1000 ní ìwọ̀n 0 Celsius, dígírì Celsius kọ̀ọ̀kan sì ń fi nǹkan bí óòmù 3.85 kún un. Tí ìpẹtà bá fi óòmù 100 kún un, bọ́ọ̀dù á rò pé ooru ti fi nǹkan bí dígírì 26 Celsius ju bó ṣe wà lọ, ni yóò bá dín pẹ́lẹ́ẹ̀tì kù. Mo yọ gbogbo rẹ̀, mo fi tuntun sí i. Ẹ má ri ibi tí wáyà ti wọnú ọ̀pá sómi, ẹ sì jẹ́ kí wáyà jìnnà sí abọ́ iná.

Àdùkẹ́ Àgọ́-Ìwòyè
Èkúté Ìlíṣàn ò tilẹ̀ bẹ̀rù èéfín 😂

Ìyá Alásè, Ìjẹ̀bú-Òde
Bọ̀dá Rewáyà, ẹ ṣeun gan-an. Tèmi ń kọ ohun tó kéré ni. Ọ̀rá ni, àbí?

Rewáyà Ìpẹru
Ọ̀rá ni mo fura sí, mà. Ẹ nù ún, kí ẹ wá gbé tẹmómítà ààrò kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ ń gún ẹran ní tiẹ̀, ẹ ki ṣónṣó rẹ̀ bọ omi tó ń hó, kó kọ nǹkan bí 212 Fahrenheit.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó
Àwọn ìyá wa ní Èpẹ́ ń yan ẹja láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí sẹ́ńsọ̀ níbẹ̀.

Ẹlẹ́ja Odógbolú
Bàbá, ẹ kú àgbà. Ojú àti ọwọ́ wọn ni sẹ́ńsọ̀, wọn kì í sì í kúrò nídìí iná. Ẹ̀rọ yìí ló ń dáná fúnra rẹ̀, irin yẹn nìkan ló fi ń ríran.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó
Mo gbọ́. Ṣé ẹ ò lè lo ìyẹ̀fun pákó sáàmílì wa ni? Ọ̀fẹ́ ni.

Aládìẹ Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ jọ̀ọ́ o, bàbá! Ta ló mọ igi tó wà nínú rẹ̀, tàbí oògùn kòkòrò tí wọ́n ti fi kun ún? Pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ooru àti agbára ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀, lignin, ohun tó ń di igi mú láti inú rẹ̀, ló dì í mú. Nínú òjò wa yìí, tí àpò rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, á wú, á padà di ìyẹ̀fun, á há ojú ọ̀nà. Èéfín dúdú tó ń tú ló ń padà wá bo ọ̀pá yẹn. Inú kẹ́ẹ̀gì onídèérí ni tèmi ń gbé.

Ọmọ Ṣàgámù
Mo ti yọ fọ́ìlì, mo fi tẹmómítà wò ó. Pẹ̀lú fọ́ìlì, ó ń pẹ́ kó tó gbọ́ pé mo ti ṣí ìdérí. Ẹlẹ́ja, o jàre.

Àdùkẹ́ Àgọ́-Ìwòyè
Ẹ wò ó, ọmọ Rẹ́mọ gbà fún Ìjẹ̀bú! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ṣàgámù
Lórí sẹ́ńsọ̀ nìkan o. Tó bá di ẹran sísun, ẹ wá sí Ṣàgámù.

Ìyá Alásè, Ìjẹ̀bú-Òde
Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta tẹmómítà ààrò ní Òkè-Àjé? Ti Amẹ́ríkà ni gíríìlì mi, iná 120 ló ń lò, ẹni tó ta stepdown, ẹ̀rọ tó ń dín fóltéèjì iná kù, fún mi sì ní kékeré tó.

Rewáyà Ìpẹru
Ìyá mi, wáàtì mélòó ni wọ́n kọ sára stepdown yẹn? Irin tó ń tanná ran pẹ́lẹ́ẹ̀tì máa ń fa iná gan-an nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ wá kí ẹ tó tún tàn án.