Abà wa ń di ahoro: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Abà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abà kòkó kan ni, lápá Ìdànrè. Ilé bí 40 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. 9 péré ni èéfín ṣì ń jáde nínú wọn, àwọn àgbà ló sì kù síbẹ̀. Ilé ìwé ti pa, pọ́ǹpù omi ti kú, kòkó ti darúgbó. Àwọn ọmọ abà tó wà nílùú ti dáwó jọ, wọ́n ní gbọ̀ngàn làwọn fẹ́ fi kọ́. Ṣé ohun tó yẹ nìyẹn?

Àgbẹ̀ Kòkó
Gbọ̀ngàn kọ́, ẹ jọ̀ọ́! Kòkó ló kó èèyàn débẹ̀. Bí kòkó bá kú, kí ni ọ̀dọ́ fẹ́ dúró ṣe? Igi tó ti lé ní 30 ọdún, èso rẹ̀ á máa dín kù. Ẹ má gé gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà o. Ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́dún, kówó má baà dáwọ́ dúró. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì le, ẹ gé e ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, kójú rẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ kómi má baà dúró lé e. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni, oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ẹni tó bá gé e lẹ́ẹ̀rùn, ìdí igi á gbẹ ni. Bí èéhù bá yọ, ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì tó súnmọ́lẹ̀ sílẹ̀, ẹ yọ ìyókù. Àmọ́ igi tí àìsàn bá ń mú ẹ̀ka rẹ̀ wú, ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, torí èéhù rẹ̀ á gbé àìsàn náà jáde.

Ibi tó ṣófo, ẹ gbin kòkó tuntun síbẹ̀, 3 mítà síra wọn, bí 450 igi fún éékà kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni kó kọ́kọ́ wọlẹ̀ kó lè ṣíji bò ó. Ẹ̀ka CRIN, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí kòkó, wà ní Ọ̀wẹ̀nà. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti béèrè irúgbìn, ẹ má ṣa hóró oko àtijọ́ gbìn.

Ẹlẹ́rọ Omi
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n omi ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kòkó tuntun á gbà tó ọdún 3 kó tó so. Ìyá ọlọ́mọ wo ló máa pọnmi odò títí dìgbà yẹn? Ẹ tú pọ́ǹpù tó kú wò ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà inú sílíńdà ló jẹ, tàbí kí páìpù ìsàlẹ̀ ti dípẹtà kó sì lu. Owó rẹ̀ ò tó ti kànga tuntun rárá. Kílé kọ̀ọ̀kan máa dáwó àtúnṣe lóṣooṣù, kí ẹni méjì tó ń gbé abà mú un lọ́wọ́, kì í ṣe ará ìlú.

Bíríkìlà
Ilé alámọ̀ tó ṣófo, páànù lẹ̀mí rẹ̀. Bó bá ti ṣí, òjò ọdún díẹ̀ ni ògiri máa fi wó. Ẹ kàn án padà kí òjò tó dé, kẹ́ ẹ sì la ojú àgbàrá kúrò nídìí ògiri. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Omi á há sẹ́yìn rẹ̀, á sì bó. Amọ̀ ni kẹ́ ẹ fi rẹ́ amọ̀.

Ọmọ Abà
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀nà ńkọ́? Afárá pákó ti jẹrà, ọ̀kadà nìkan ló ń gbé kòkó jáde.

Àgbẹ̀ Kòkó
Rìǹgì kọ́ńkéré tómi á máa gba inú rẹ̀ kọjá ni kẹ́ ẹ rì síbẹ̀. Ẹ wo ibi tómi ga dé lóṣù kẹsàn-án kẹ́ ẹ tó rà á. Èyí tó bá kéré ni àgbàrá ń gbá lọ. Owó ọ̀kadà yẹn, orí àgbẹ̀ ni àwọn tó ń ra kòkó ń yọ ọ́ sí nígbà tí wọ́n bá ń wọn kòkó. Bí pọ́ǹpù bá ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà yẹn ni kí ìyókù owó gbọ̀ngàn bá lọ.