Báwo ni mo ṣe lè yọ value kan jáde nínú string tó kún fún key=value?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. String kan ló ń wọlé sínú kóòdù mi láti ibòmíì, bó ṣe rí nìyí:

`host=db1;port=5432;user=admin;token=aGVsbG8=;`

Python ni mo ń lò. Mo kàn fẹ́ máa bèèrè port kó gbé 5432 fún mi ni. Ohun tí mo kọ:

```
d = {}
for p in s.split(";"):
    k, v = p.split("=")
    d[k] = v
```

Ó gba host, ó gba port, ó gba user, bó ṣe kan token báyìí ló bá figbe ta, "too many values to unpack". Mo wá yọ token kúrò kí n fi wò ó, ló bá tún yí ohùn padà, ó ní "not enough values to unpack (expected 2, got 1)". Ó pọ̀ jù ni àbí ó kéré jù, èwo ni kí n gbà báyìí? Ẹnìkan ní regex (àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú string) ni kí n lò, ẹ̀rù regex sì ń bà mí, ṣé dandan ni?

Èsì

Kò dandan rárá, fi regex sílẹ̀ jàre. Ẹ́rọ̀ méjèèjì ló ń sọ òótọ́, ibi tí wọ́n ti ń wá ni kò dọ́gba. Token ẹ ní = nídìí, base64 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi lẹ́tà àti nọ́mbà kọ data) máa ń fi dí àyè tó bá ṣẹ́kù, torí náà split gé e sọ́nà mẹ́ta nígbà tó jẹ́ pé k àti v nìkan lo ní kó wá gbà á. Èkejì, wo ; tó kẹ́yìn string yẹn, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀ àmọ́ split ò ní fojú fò ó, string òfìfo ló máa gbé fún ẹ, kò sì sí = nínú òfìfo.

```
for p in s.split(";"):
    if not p.strip():
        continue
    k, sep, v = p.partition("=")
    d[k.strip()] = v.strip()
```

partition ò gé ju ibi = àkọ́kọ́ lọ, nǹkan mẹ́ta ló sì máa ń dá padà nígbà gbogbo. Tí ò bá rí = rárá, sep á ṣófo, o lè fìyẹn mú ìdọ̀tí.

Èsì

`p.split("=", 1)` náà á ṣe é. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sí JavaScript kó ṣọ́ra o, torí `split("=", 2)` tiwọn máa ń da ìyókù nù ni, = tó wà nídìí token á lọ, kò sì ní sí ẹ́rọ̀ kankan tó máa sọ fún ẹ, o kàn máa rí i pé wọn ò jẹ́ kóo wọlé ni. indexOf àti slice ni kóo lò níbẹ̀. Ti Java ní tiẹ̀ ń tọ́jú ìyókù.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an, ó ti ń ṣiṣẹ́! Ṣùgbọ́n `d["port"] == 5432` ń sọ pé False. Wọ́n tún ní password kan ń bọ̀ tó máa rí báyìí: `password="a;b"`. Ṣé split á mọ̀ pé inú quote ni `;` yẹn wà?

Èsì

Kò lè mọ̀. Split ò mọ quote, `;` ló mọ̀, tó bá ti rí i á gé e. Ti port rọrùn, string ni gbogbo nǹkan tó bá jáde níbẹ̀, kì í ṣe nọ́mbà, fi `int(d["port"])` yí i. Ti quote yìí ni mo máa gbà pé kóo mú regex:

`re.findall(r'(\w+)=("[^"]*"|[^;]*)', s)`

Ó ń wá ohun tó wà láàárín quote ná, tí ò bá sí, á kó gbogbo ẹ̀ títí dé `;` tó kàn. Quote á ṣì wà lára value, fi `.strip('"')` bọ́ ọ. Tí quote míì bá tún lè wà nínú password fúnra ẹ̀, èyí ò gbé e mọ́, bá àwọn tó ń fi string yẹn ránṣẹ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbé JSON (ìlànà kíkọ data tó ní òfin tiẹ̀ fún quote) wá, ó yá ju kí ẹ máa bá ara yín ta ayò lọ.

Tó bá jẹ́ ìdí URL lo ti ń yọ ọ́, má fọwọ́ gé e rárá, parse_qs wà nínú urllib.parse, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú %20 (bí URL ṣe ń kọ àlàfo). Tí key kan bá sì wá lẹ́ẹ̀mejì, dict tìẹ yìí èyí tó kẹ́yìn nìkan ló máa mú, parse_qs á kó méjèèjì sínú list.