Kí ni ó yẹ kí a kọ sí ara irinṣẹ́ tí aṣojú AI fi ń wá èsì eré ìdárayá?

Ọmọ Adó béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní Adó-Èkìtì ń ṣe irinṣẹ́ kan tí àwọn aṣojú AI (ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá iṣẹ́ ṣe fún ènìyàn) yóò máa pè láti fi wá èsì bọ́ọ̀lù àti ti eré sísá. Bí àwa fúnra wa bá pè é láti inú kóòdù, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àbùkù. Ìgbà tí a so ó pọ̀ mọ́ aṣojú kan nípasẹ̀ MCP, ìlànà tí a fi ń so irinṣẹ́ mọ́ aṣojú AI, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹnìkan béèrè èsì Rangers, ti Enugu ni ó ní lọ́kàn, ti Glasgow ni aṣojú náà gbé wá, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà ní pápá. Nígbà mìíràn, irinṣẹ́ náà kò rí nǹkan kan dá padà, ni aṣojú bá hun èsì tirẹ̀. Àlàyé tí a kọ sí ara irinṣẹ́ náà nìyí: “Irinṣẹ́ tó yára, tó sì péye fún gbogbo èsì eré ìdárayá.” Ìwé ìlò tó kún, tó ní àwòrán, wà lórí ìkànnì wa. Kí ni ó kù tí ó yẹ kí a kọ, ibo sì ni kí a kọ ọ́ sí?

Akọ̀wé Ìkẹ́rẹ́ dáhùn:

Ẹ kú akitiyan, àbúrò. Aṣojú náà kò rí ìkànnì yín, kò sì rí àwòrán kankan. Ohun tí ó ń rí gbà nípasẹ̀ MCP ni orúkọ irinṣẹ́, àlàyé rẹ̀, àti àpèjúwe ohun tí a ń fi ránṣẹ́ sí i, èyí tí a kọ ní JSON Schema, ìlànà kan tí a fi ń ṣàpèjúwe bí dátà ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí lójú rẹ̀ rárá. Àlàyé tí ẹ kọ yẹn, oríkì ni. Kò sọ ibi tí agbára irinṣẹ́ náà mọ. Ọ̀rọ̀ “gbogbo” ni ó burú jù nínú rẹ̀, nítorí aṣojú yóò gbà á gbọ́, yóò sì máa pè yín títí kan ti ìjàkadì. Tí ó bá jẹ́ tèmi, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́:

“Lo irinṣẹ́ yìí fún èsì ìdíje tó ti parí nínú NPFL, Premier League àti AFCON. Má lò ó fún eré tó ń lọ lọ́wọ́ tàbí fún àsọtẹ́lẹ̀. Kì í gba orúkọ ẹgbẹ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni ó ń gbà. Kọ́kọ́ pe wa_egbe, irinṣẹ́ tó ń wá ẹgbẹ́, láti mú nọ́ńbà náà. Bí ẹgbẹ́ tó jáde bá ju ọ̀kan lọ, bi ẹni tó béèrè léèrè.”

Ẹ tún wo ibi tí ẹ ti ń béèrè ọdún. AFCON 2023 wáyé ní Côte d'Ivoire ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 2024, Nàìjíríà sì fi 2–1 pàdánù àṣekágbá lọ́wọ́ onílé. Aṣojú tó bá fi 2024 sí i kò jẹ̀bi. Ẹni tó kọ “ọdún” láì sọ bóyá ti orúkọ ìdíje ni tàbí ti ọjọ́ tí wọ́n gbá a ni ó jẹ̀bi. Eré tó gbé wa dé àṣekágbá yẹn náà, a gbá 1–1 pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà kí a tó fi pẹnáritì borí wọn ní 4–2: ẹ sọ bóyá pẹnáritì wà nínú àmì ayò tàbí ó ní àyè tirẹ̀.

Sárésáré Ìkọ̀lé fi kún un:

Ti bọ́ọ̀lù ni ẹ̀gbọ́n sọ. Eré sísá ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, Tobi Amusan sá 100 mítà tó ní ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, èyí sì di àkọsílẹ̀ àgbáyé. Lọ́jọ́ kan náà, ó sá àṣekágbá ní 12.06, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń tì wọ́n lẹ́yìn jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ òfin kò gbà ju 2.0 lọ. Bí irinṣẹ́ yín bá dá 12.06 nìkan padà, aṣojú yóò kéde rẹ̀ bí àkọsílẹ̀ àgbáyé, ta ni yóò sì bá a wí? Ẹ fi iye afẹ́fẹ́ kún èsì, kí ẹ sì kọ ọ́ pé eré tó bá kọjá 2.0 kì í wọ àkọsílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wúrà ni ó mú wá.

Ọmọ Adó:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ti òfo ni ó kù, ìyẹn ìgbà tí irinṣẹ́ kò rí nǹkan kan dá padà. Àti pé àwọn oníbàárà wa máa ń fi Yorùbá béèrè, pẹ̀lú àmì ohùn.

Akọ̀wé Ìkẹ́rẹ́:

Òfo kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ó lè jẹ́ pé wọn kò gbá eré náà ní ọjọ́ yẹn, ó lè jẹ́ pé wọ́n gbá a ṣùgbọ́n kò sí nínú dátà yín, ó sì lè jẹ́ pé ibi tí ẹ ti ń fa dátà ni kò dáhùn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jáde bí [], àkójọ tí kò ní nǹkan kan nínú, lásán, aṣojú kò ní ohun tí yóò dì mú. Ẹ jẹ́ kí èsì náà sọ̀rọ̀: “Sáà yìí kò sí nínú dátà wa, sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó béèrè, má ṣe fojú bù ú.” Inú èsì ni kí ẹ kọ irú ìtọ́ni báyìí sí, nítorí àlàyé ara irinṣẹ́ ni aṣojú ń gbé kiri ní gbogbo ìgbà, tí ó sì ń gba àyè, ṣùgbọ́n ìgbà tí òfo bá dé nìkan ni èyí wúlò.

Ní ti àmì ohùn, ẹ má ṣe di ẹrù yẹn lé aṣojú lórí. Ẹ jẹ́ kí wa_egbe gba “Nàìjíríà” àti “Nigeria” bákan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ó ń gbà wọ́n. Ẹ má sì gbàgbé àkókò: bí UTC, àkókò àjùmọ̀lò àgbáyé, ni ẹ bá ń dá padà, ẹ sọ pé wákàtí kan ni ti Nàìjíríà fi ṣáájú rẹ̀ jálẹ̀ ọdún, nítorí eré tó bẹ̀rẹ̀ ní 23:30 UTC, ọjọ́ kejì ni fún ẹni tó ń wò ó ní Ìjerò.